Adélabú Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀sì: kí ló dé tí Ìbàdàn tún dìbò fún un lẹ́yìn ìwádìí?

Àbẹ̀kẹ́ Kúdẹtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń fa àríyànjiyàn nílé wa láti ọjọ́ Àìkú.

Ìyá tó bí ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ etí wọn mú ju tèmi lọ, rédíò ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá ti ní wọ́n ń wádìí olóṣèlú kan pé ó kówó ìlú jẹ, màmá á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á wá dá orin kan tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń kí Adégòkè Adélabú, olóṣèlú wọn, láyé ọjọ́un. Nínú orin ọ̀hún, wọ́n ń sọ fún un pé kó máa ná owó àwọn lọ. Èébú ni mo kọ́kọ́ pè é. Màmá ní, "Èébú kẹ̀? Oríkì ni."

Àbúrò wọn ọkùnrin tó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú ní irú orin bẹ́ẹ̀ ló ba ìlú jẹ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn méjèèjì ò bára wọn jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo wá jókòó ti ìtàn rẹ̀. 1954, wọ́n yàn án ní alága kánsù Ìbàdàn. Nígbà tó di 1955, ó ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀, ti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ àti ètò ìgbáyégbádùn. Kò pẹ́, ìgbìmọ̀ Nicholson bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí kánsù rẹ̀. Àbọ̀ ìwádìí jáde ní 1956, kò gbè é, ó kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀, ó fi ti alága náà sílẹ̀. Mo rò pé ó tán. Àfi bí mo ṣe rí i pé ní May 1956 kan náà, Ìbàdàn dìbò gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ó sì di aṣáájú àwọn alátakò níbẹ̀.

Kí ló rí lójú àwọn tó dìbò yẹn? Ṣé wọn ò gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ ni, àbí wọ́n gbọ́ ọ tí kò kàn wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé wọn ò kàwé. Màmá mi ò kàwé, kò sì sẹ́ni tó lè fi kọ́bọ̀ kan rẹ́ wọn jẹ.

Láńre Kànńkà

Ṣebí oríkì ìlú yín ti dáhùn fún ọ. Ìbàdàn, níbi tí olè gbé ń jàre olóhun. Ó parí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Bàbá Akọ̀wé

Láńre, mo rí ọ o. Màá padà wá sọ́dọ̀ rẹ.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, bá mi kí màmá dáadáa. Ọdún 1950 ni wọ́n bí mi, nídìí Ọjà'ba, mo sì ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kánsù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, tí àmì bá wà níbi tí kò yẹ, òun ni kẹ́ ẹ bú. Bí mo bá fi ojú akọ̀wé wo Adélabú, mo ní èsì kan. Bí mo bá fi ojú ọmọ ilé wa wò ó, mo ní òmíràn. Màá sọ méjèèjì, ẹ má sọ pé kí n pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Kó o tó mọ ìdí tí wọ́n fi dìbò, àfi kó o mọ rìsíìtì owó orí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, oko kòkó wọn wà lọ́nà Akànrán. Wọ́n ní agolo bisikíìtì kan tí ìdérí rẹ̀ ti ń dípẹtà. Inú rẹ̀ ni gbogbo rìsíìtì owó orí wọn wà, ọdún lórí ọdún, wọ́n ká wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Ti ọdún tá a wà nínú rẹ̀ nìkan ni kì í gbénú agolo. Inú fìlà ni wọ́n máa ń fi ìyẹn sí. Kì í ṣe àpò, nítorí pé àpò lè jò, àmọ́ bàbá mi ò ní gbàgbé fìlà sílé láé. Bí akódà bá dá ọ dúró lójú ọ̀nà oko tí o ò rí rìsíìtì yọ, wàhálà dé nìyẹn.

Ọdún tí owó ò bá sí ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, ọmọdé ni mí, àwọn agbowó orí wọ agbo ilé wa. Ìyá mi jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n bi wọ́n pé baálé ilé dà. Wọ́n ní ó ti lọ sóko látàárọ̀. Èmi tí mo jókòó sílẹ̀ gbójú sókè, mo sì ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá mi tó yọ létí àjà, gẹ́lẹ́ lókè orí ìyá mi. Ìyá mi ò gbójú sókè rárá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Bàbá mi yìí, ẹ má gbàgbé o, ẹni tí wọ́n ń pè ní "bàbá" ní gbogbo agbo ilé ni, tí wọ́n bá wúkọ́ àwa ọmọdé á dákẹ́. Mi ò rò pé wọ́n dárí ọjọ́ yẹn ji ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú.

Wàyí o, ní 1953, ìjọba Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tí Awólọ́wọ̀ ń darí ní Ìwọ̀ Oòrùn, bu sílè mẹ́wàá àti sísì lé ohun tí olówó orí kọ̀ọ̀kan ń san, pé ti ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera ni. Owó gidi ni lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, èmi gan-an jẹ ńbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lè ka ìwé tí mò ń fi bú wọn. Ṣùgbọ́n ní 1953, bàbá mi ò tíì rí ilé ìwé kankan. Rìsíìtì ló rí.

Ta ló bá wọn sọ ọ́ ní gbangba? Kì í ṣe mọ́gàjí wa, kì í ṣe àwọn lọ́yà. Adélabú ni. Ó kó àwọn asanwó-orí jọ, ó kó àwọn àgbẹ̀ Ẹgbẹ́ Máyégún jọ, àwọn tí inú wọn ò tíì rọ̀ láti ìgbà tí ìjọba òyìnbó ti ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn. Ó so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC alákùkọ, ó sì sọ ọ́ ní Mábọlájẹ́. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: má ba ọlá jẹ́. Àwọn ìjòyè gbọ́ ọ, wọ́n ní ọlá tàwọn ló ń wí. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní tàwọn ni. Ọkùnrin tó ti sá gun àjà rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọlá tó bàjẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Kúdẹtì

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo rẹ́rìn-ín síbi àtàǹpàkò yẹn, lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwádìí ńkọ́? Ẹ ní ẹ máa fi ojú akọ̀wé wò ó.

Bàbá Akọ̀wé

Mò ń bọ̀. Ọjọ́ orí mi ò gbà kí n máa sáré.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn kan rò pé jàǹdùkú ni. September 3, 1915 ni wọ́n bí i. Ládùúgbò tìrẹ gan-an ló ti kàwé, St. David's ní Kúdẹtì, kó tó lọ sí ilé ìwé Mápó, lẹ́yìn náà Gọ́fúmẹ́ǹtì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni, ilé ìwé ìjọ ló kọ́ ọ. Ó dé Yábà Higher College, kò jókòó pẹ́ níbẹ̀ tó fi lọ bá UAC, ilé iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó, ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kòkó ló ń bá kiri lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, bó ṣe mọ àgbẹ̀ nìyẹn. Ó fi UAC sílẹ̀, ó ṣe ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lábẹ́ ìjọba, ó padà sí UAC, ó tún kúrò. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba ọ̀gá ni.

Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ròkè nínú ọ̀rọ̀ ìlú ni 1949 sí 1950, nígbà tí àwọn ìjòyè fẹ́ yọ Sàlámì Àgbájé, Ọ̀tún Balógun, olówó Ìbàdàn ayé ìgbà náà. Àwọn ìjòyè ní ẹnu, wọn ò ní kálàmù. Kálàmù Adélabú ni wọ́n fi bá òyìnbó jà. Mi ò ní sọ pé ẹjọ́ tó dára ni o. Ìlara pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti mọ ọ̀nà gbogbo agbo ilé mọ́gàjí, ó sì mọ ẹni tó ń bínú sí ta.

Lẹ́yìn náà, ìbò 1951. Ìbàdàn ní àga mẹ́fà, Ibadan People's Party kó gbogbo rẹ̀. Ilé ò tíì gbóná tí márùn-ún nínú wọn fi wọnú Action Group. A.M.A. Akínlóyè wà lára wọn, òun ni wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ẹyọ kan tó kù ni Adélabú. Ẹ wá wo àkókò tí èyí ṣẹlẹ̀: ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń ya Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, tí ojú ń ro àwọn ará ilé wa, tí wọ́n sì ń wo Ọlọ́pẹ pé òun ló wà nídìí rẹ̀. Bí ẹni márùn-ún bá lọ jókòó tì ẹni tó mú oko rẹ lọ, tí ẹnì kan ò lọ, ṣé o máa béèrè ìwé ìṣirò owó lọ́wọ́ ẹni kan yẹn ni?

Ó dáa, ìwádìí.

Mo ka àbọ̀ Nicholson nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kan tí eruku ti bò ni wọ́n kó sínú káńbọ́ọ̀dù, ọ̀gá mi ní kí n kó o dànù, mo gbé e lọ sílé. Mo fi alẹ́ mẹ́ta kà á. Mo sọ fún ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti tọ́jú ìwé owó kánsù rí: ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́ òṣèlú lásán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kánsù yẹn ò dára. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà, wọ́n ń fi iṣẹ́ ta ẹni tiwọn lọ́rẹ, alága sì ń paṣẹ níbi tó yẹ kó ti jókòó gbọ́ tẹnu àwọn yòókù. Ká ní mo jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ni, yálà kí n sá tàbí kí n lọ sẹ́wọ̀n. Òun náà sì tún ń ṣe mínísítà ní Èkó, ó ń ṣe alága ní Mápó. Ẹnì kan ò lè sun yàrá méjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ta ló gbé ìgbìmọ̀ dìde? Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ti Ọlọ́pẹ. Ta ló tú kánsù tí aráàlú dìbò yàn ká lẹ́yìn náà, tó fi àwọn tó wù ú síbẹ̀? Àwọn kan náà. Bàbá mi ò ní láti kàwé kí wọ́n tó rí ìyẹn. Wọ́n ní, "Ẹni tó fẹ́ jogún mi ló ń yẹ̀ mí wò pé ara mi ò yá."

Orin tí màmá ń kọ, ibẹ̀ ló ti jáde. Àwọn tó ń kọ ọ́ ò sọ pé Adélabú ò ná owó. Wọ́n ń sọ fún ìjọba pé: owó wa ni, kì í ṣe tiyín, bá a bá ní kó ná an, kí ló kàn yín? Ọ̀rọ̀ ta ló ni owó ni. Wọ́n ti ń gba sílè lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí bóyá kí wọ́n ná an báyìí tàbí bọ́hùn-ún. Ọjọ́ kìíní tí ẹnì kan máa béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ wọn ló ti béèrè, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló gbé ìwé lọ. Nítorí náà wọ́n fi orin dáhùn, wọ́n sì fi ìbò tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ó tọ́? Mo ní mi ò ní pa á pọ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ fò.

Ìjẹ̀bú ni bàbá bàbá mi. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe gbogbo ayé wọn, Ìbàdàn ni wọ́n bí bàbá mi sí, Ìbàdàn ni wọ́n sin bàbá àgbà sí. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Síbẹ̀, títí wọ́n fi darúgbó, "àlejò" ni wọ́n ń pè wọ́n. Àtira ilẹ̀ ní tòótọ́, bí onílẹ̀ ṣe ń ra ilẹ̀, ìjà ni. Ìdí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ àwọn àlejò onílé sílẹ̀ nìyẹn, tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì ṣe akọ̀wé rẹ̀ rí. Ọdún mélòó lèèyàn á gbé ìlú kó tó jáwọ́ nínú àlejò?

Ẹ ní ó tún ọlá ṣe. Ọlá ta ni? Ní Òkè-Àdó àti Ìṣàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Adélabú bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìlù, ṣe ni wọ́n ń kó ọjà wọlé. Bàbá mi sọ fún mi pé àwọn kì í dúró gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé e á sọ lẹ́yìn tó bá ti kọjá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Èdè dídùn tó ń mú kí bàbá yín bọ́ sílẹ̀ láti orí àjà, òun náà ló ń lé bàbá mi wọlé.

Bàbá Akọ̀wé

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, mi ò sì ní bá ọ jà á. Ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́ nílé ìwé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Mo rántí pé mi ò lè mú un wá sílé lọ́dún kan báyìí, ọdún tó kàn mo tún lè mú un wá. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tó o sọ yẹn gan-an ni mo fi máa ń sọ pé Ìbàdàn ló gbé Adélabú, Ìbàdàn náà ni ò jẹ́ kó kọjá ẹnu bodè. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí wa ní Ọjà'ba, tá a bá gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìbínú ni. Ní May 1956, a kó ìbò fún un ní Ìbàdàn bí ẹni ń da àgbàdo sínú àká. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹkùn jọ, Action Group ní àga 48, NCNC ní 32. Ká ní ó yí padà ni, bóyá òun ì bá ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Kò yí padà. Ó jókòó sápá àwọn alátakò, ó sì ń fi ẹnu gún wọn.

Ẹnu yẹn! Ó gbọ́ òyìnbó débi pé ó ń dùn ún láti sọ èyí tó rọrùn. Ní 1952 ló ti ṣe ìwé, *Africa in Ebullition*. Ẹ wo orúkọ yẹn náà. Ẹni méjì nínú mẹ́wàá ló mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín àwọn tó kàwé gan-an.

Láńre Kànńkà

Bàbá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ẹ kàn ń fi ìtàn àjà rọ̀ wá lójú. Àwọn olóṣèlú tòní náà, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn tí EFCC bá pè wọ́n: "ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀." Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn.

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ló tilẹ̀ ń jẹ́ pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀sì?

Bàbá Akọ̀wé

Èyí tó rọrùn kọ́kọ́. Nínú ilé ìgbìmọ̀, Adélabú dìde, ó ní ohun tí àwọn Ọlọ́pẹ ń ṣe jẹ́ "peculiar mess", ìyẹn wúruwùru tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde, ó dé ọjà. Àwọn ìyá wa ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ wọ́n gbọ́ pé ó ti fi nǹkan kan bú Ọlọ́pẹ, ó sì dùn lẹ́nu. Wọ́n sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀sì, wọ́n sì fi í sọ orúkọ òun alára. Ó gbà á. Títí dòní, tí iyàrá ọmọ bá rí wúruwùru, ìyàwó mi á ní, "Irú pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ̀sì wo rèé?"

Èyí tó le. Láńre, ìwọ ń bi mí bóyá ẹni tó kówó jẹ jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi. Mo ti wí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ. Adélabú gbà láti gbé láàárín àwọn tó ń ná owó wọn. Òkè Olúokùn ni ilé rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí i á lọ síbẹ̀ lówùúrọ̀, kò sí géètì, kò sí mópó. Ó ń jó lójú títì, dàǹṣíkí lọ́rùn. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, o mọ ibi tó o ti máa bú u, ó sì máa bú ọ padà. Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ alága kánsù mẹ́jọ, mi ò ní dárúkọ ẹnì kan. Ọ̀kan nínú wọn, oṣù mẹ́rin lo lè fi wá a kó o má rí i, ìwé owó ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní bí àwo tí ológbò lá. Èwo lo fẹ́? Èmi ò fẹ́ ìkankan.

Ọ̀rọ̀ kejì: ìwádìí tó bá ti ọwọ́ ẹni tí yóò jèrè rẹ̀ wá, bó ti wù kó tọ́ tó, aráàlú ò ní fi í dájọ́. Mo gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu àwọn èèyàn ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́. "Àwọn tó ń wádìí ńkọ́?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń kú sí.

Ọmọ Òkè-Àdó

Mo gba ti géètì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti ikú rẹ̀, bàbá mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́.

Bàbá Akọ̀wé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, March 25, 1958. Èkó ló ti ń bọ̀, òun àti oníṣòwò ará Lẹ́bánónì kan. Kì í ṣe màrosẹ̀ tá à ń gbà báyìí o, 1978 ni wọ́n ṣí ìyẹn. Ojú ọ̀nà àtijọ́ ni. Nítòsí Òde Rẹ́mọ ni ọkọ̀ wọn ti forí sọ òmíràn. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹ gbọ́. Ilẹ̀ tí Awólọ́wọ̀ ti wá. Kí ni ẹ rò pé ìlú á sọ? Jàǹbá ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ jàǹbá. Wọ́n ní Ọlọ́pẹ ló pa á. Wọ́n jó ilé, wọ́n pa àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ọlọ́pẹ, àwọn kan nínú wọn ò mọ nǹkan kan. Ìjọba kó èèyàn lọ sí kóòtù fún ìpànìyàn, mọ́gàjí kan ládùúgbò wa ò padà jẹ́ ẹni tó jẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀.

Ohun tí èmi rántí ò pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ìyá mi yí odó ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa àtùpà. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré kọjá lóde, a sì ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń ké "Adé o!" láti agbo ilé dé agbo ilé. Bàbá mi jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn wọn ti ògiri. Wọ́n bọ́ fìlà. Rìsíìtì já bọ́ látinú rẹ̀, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Èmi ni mo rá pálá nínú òkùnkùn lọ mú un, mo sì fi sínú agolo.

Mábọlájẹ́ ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó pín. Adéoyè Àdísà mú apá kan lọ bá NPC, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Òkè Ọya, àwọn yòókù gba ibòmíràn lọ. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ohùn ẹnì kan ló so ó, ta ló máa so ó mọ́? Owó orí ò kú ní tiẹ̀. Ní 1968, ọ̀nà Akànrán tiwa yìí náà ni Àgbẹ̀kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ nítorí owó orí, ti gbéra. Bàbá mi ti darúgbó nígbà yẹn. Wọ́n ní àwọn ò ní gun àjà mọ́, àwọn á jókòó sílé kí wọ́n wá pa àwọn. Kò sẹ́ni tó wá.

Láńre Kànńkà

Mo ti tẹ́. Mi ò yí padà o, àmọ́ mo ti tẹ́.

Ṣé orúkọ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn? Ọmọ ọmọ rẹ̀, Adébáyọ̀, ti du ipò gómìnà lẹ́ẹ̀mejì, 2019 àti 2023, kò wọlé.

Bàbá Akọ̀wé

Ó di mínísítà iná mọ̀nàmọ́ná lọ́dún 2023 náà ṣá. Abuja ni wọ́n ti ń fi ìyẹn joyè, kì í ṣe Ọjà'ba. Orúkọ á jẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọ, kí wọ́n bu omi fún ọ. Ìbò lọ́tọ̀. Àwọn tó ń kọ orin yẹn ti ń tán, ìyá àgbà Àbẹ̀kẹ́ wà lára àwọn tó kù.

Iná ti fẹ́ kú nínú fóònù ọmọ yìí. Ó dàárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Kúdẹtì

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá lálẹ́ àná, látòkè délẹ̀. Níbi àtàǹpàkò, wọ́n ní, "Tiwa ò gun àjà. Inú ìkòkò aró ni." Ìyá wọn ń rẹ aró, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá wọn máa ń wọnú ìkòkò tó ṣófo, wọ́n á sì da ẹní bò ó.

Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá ti ní ó jẹ̀bi, màmá dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Mo ní, "Màmá, ṣé ó fún yín ní nǹkan kan rí?" Wọ́n ní, "Kọ́bọ̀ kan ò dé ọwọ́ mi. Ó ya ilé wa lẹ́ẹ̀kan, ó pe bàbá mi lórúkọ, ó bi í pé aró ọdún yìí ńkọ́." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n pa fóònù, kí n wá fi òrí pa orúnkún àwọn.

Màá bá yín kí wọn, Bàbá. Ọmọ Òkè-Àdó, ẹ ṣé. Mo sọ ti bàbá yín fún wọn náà, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ti ń ra aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ láró, Òkè-Àdó ni. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti gbé rédíò pa mọ́ sí yàrá mi.